Láti Èkó sí Abẹ́òkúta, Lọ àti Bọ̀ Lọ́jọ́ Kan: Olúmọ, Aké àti Ìtòkú

Ọ̀pọ̀ ará Èkó tó bá sọ pé òun ti dé Abẹ́òkúta, Olúmọ nìkan ló rí. Ó sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ó gun òkè, ó ya fọ́tò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sínú mọ́tò ní gáréèjì Kútọ̀, ó délé. Mi ò ní sọ pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ burú, ṣùgbọ́n ohun tó kù sílẹ̀ pọ̀ ju ohun tó rí lọ. Orí Olúmọ lèèyàn ti ń rí bí ìlú náà ṣe tò: ibi tí odò gbà kọjá, ibi tí ogun gbà wá, ibi tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́lé sí. Ẹni tó bá rí gbogbo ìyẹn látòkè, tó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ wọ́n, òun ló dé Abẹ́òkúta.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ jáde nílé láàárọ̀ kùtù, kó sì sùn sílé rẹ̀ lálẹ́. Ibi mẹ́ta ni mo gbé e lé: àpáta Olúmọ, Aké níbi tí kàtídírà àti ààfin wà, àti Ìtòkú tó jẹ́ ọjà àdìrẹ. Wọn ò jìnnà síra wọn, kẹ̀kẹ́ Márúwá ò sì ní pẹ́ láti ọ̀kan dé èkejì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn ibòmíràn sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan rí gbogbo Abẹ́òkúta, ojú fèrèsé takisí ni yóò ti rí i.

Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ mú

Oṣù Kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Bí ọyẹ́ bá ti mú, láti Oṣù Kejìlá wọ Oṣù Kìn-ín-ní, eruku rẹ̀ á bo gbogbo ìlú, ẹ ó wá gun òkè lọ wo ohun tó dà bí èéfín. Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta dára, àfi pé oòrùn wọn le, nítorí náà ó di dandan kí ẹ tètè dé orí àpáta. Nígbà òjò, ara òkúta a máa yọ̀. Ẹ má gun Olúmọ lọ́jọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, bó ti wù kí ará ibẹ̀ sọ pé kò séwu tó. Àwọn ti mọ ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ sí.

Nínú ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí dé Ọjọ́bọ̀ ló rọrùn jù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bó bá ti ń di ọwọ́ ìrun ọ̀sán, ọ̀nà tó wà lágbègbè mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ ní Kọ́bìtì a máa há. Sátidé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: òde aríyá. Lọ́jọ́ Àìkú, ìsìn ń lọ lọ́wọ́ ní kàtídírà Aké, kì í sì í ṣe àkókò tí àlejò ń rìn káàkiri inú ṣọ́ọ̀ṣì kó máa wo ògiri; ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní Ìtòkú á sì tún wà ní títì. Ohun kan ṣoṣo tó lè dí yín lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé tí olùkọ́ wọn kó wá wo òkè. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo wọn lókè, ẹ jókòó nísàlẹ̀ títí wọn á fi sọ̀ kalẹ̀. Ihò inú àpáta kò gba gbogbo yín pọ̀.

Ẹ wọ bàtà kánfáàsì tó di ẹsẹ̀ mú, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹ fi agbádá àti ìró sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ yẹn, ẹ wọ ṣòkòtò. Omi, fìlà, owó kéékèèké tí kò ní jẹ́ kí wàhálà ṣéńjì dá yín dúró, àti káàdì ìdánimọ̀ yín. Ó tán.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Lórí máàpù, ọ̀nà Sango Ọ̀tà tó gba Ìfọ̀ àti Ìtòrí ló yá jù lọ. Orí máàpù náà ló mọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ mọ́tò, kó kúkú gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kó yà sí apá Ṣàgámù, kó ti ibẹ̀ wọ Abẹ́òkúta. Ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn á dúpẹ́.

Àmọ́ fún ìrìn ọjọ́ kan, ọkọ̀ ojú irin ni tèmi. Ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn gùn ní kìlómítà 157, ọdún 2021 ni wọ́n sì ṣí i. Ẹ lè wọ̀ ọ́ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Mobọ́lájí Johnson pè, tàbí kí ẹ wọ̀ ọ́ ní Agége bí ẹ bá ń gbé lápá ibẹ̀. Ó tó nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ láti Ẹ̀bùté-Mẹ́ta dé Abẹ́òkúta, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ òwúrọ̀ ni kí ẹ bá lọ, kí ẹ sì bá ti ìrọ̀lẹ́ padà. Àsìkò tí wọ́n ń gbéra a máa yí padà lóòrèkóòrè, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú òpó tí àjọ rélùwéè ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, bó ṣe ku ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ máa lọ. Ẹ ra ti àlọ àti ti àbọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ra ti àlọ nìkan, tí wọ́n á wá dé ibùdókọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ pé ìjókòó ti tán.

Ẹ dé ibùdókọ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Wọ́n á yẹ ẹrù yín wò, wọ́n á wo orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ káàdì, ọkọ̀ ojú irin kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni bíi dánfó. Àga tí owó rẹ̀ rẹlẹ̀ jù ti tó fún irú ìrìn yìí. Ẹ jókòó ti fèrèsé. Lẹ́yìn Agége àti Àgbádó, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká, ewéko á gba ojú. Ibùdókọ̀ Papalantó tí ẹ máa gbà kọjá ń jẹ́ orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀ ní Aké. Ti Abẹ́òkúta tí ẹ máa sọ̀ sí ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí wọ́n bí ní ìlú náà ní 1934.

Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú. Ojú irin àtijọ́, èyí tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, gba Láfẹ́nwá kọjá nínú ìlú gan-an. Ti tuntun kò gba ibẹ̀. Laderin ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà, ó sì jìnnà díẹ̀ sí Olúmọ. Bí ẹ bá ti jáde, àwọn awakọ̀ á yí yín ká, wọ́n á máa pe dárọ́ọ̀pù. Ẹ má bá ẹni tó kọ́kọ́ pe owó lọ. Bí ẹ bá tó mẹ́rin, ẹ gba takisí kan, kí ẹ dúnàá-dúrà rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà Olúmọ, kí ẹ sì gba nọ́ńbà awakọ̀ náà bó bá jẹ́ ẹni tó mọ̀wàáhù, torí ẹ ṣì máa nílò ẹni tó máa gbé yín padà. Ẹni tó bá dá wá, kó rìn jáde sí ojú ọ̀nà ńlá, kó wọ ọkọ̀ èrò.

Olúmọ: wákàtí méjì, ó kéré tán

Olúmọ ga ju ìpele òkun lọ ní mítà 137. Ẹni tó ti gun òkè Ìdànrè rí á fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ńlá, kì í ṣe gíga rẹ̀, nítorí náà ẹ gbọ́ ìtàn yìí kí ẹ tó sanwó.

Àwọn Ẹ̀gbá kò ti Abẹ́òkúta ṣẹ̀ wá. Inú igbó Ẹ̀gbá àtijọ́ ni ìlú wọn wà, ní kéékèèké, ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ogun tó tú Òwu ká tó tú àwọn náà ká. Wọ́n bá àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí Ìbàdàn fúngbà díẹ̀, ibẹ̀ ò rọgbọ, ni Ṣódẹkẹ́, aṣáájú wọn, bá kó wọn wá síbi àpáta yìí ní 1830. Adágbá ará Ìtokò ti ń dáko níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki Abẹ́òkúta ní oko Adágbá títí dòní. Wọ́n tò ara wọn yí àpáta ká bí wọ́n ṣe wà ní ìlú wọn àtijọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, oyè rẹ̀ àti Ògbóni rẹ̀. Bí ẹ bá wá ń gbọ́ orúkọ àdúgbò bí Ìkìjà, Ìtokò, Kẹ́ńta, Ìgbẹ̀yìn, orúkọ ìlú tó ti parun ní igbó Ẹ̀gbá lẹ ń gbọ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ san owó ìwọlé, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì béèrè afinimọ̀nà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà ńlá dání, ẹ béèrè ṣáájú bóyá ó ní owó tirẹ̀. Nípa afinimọ̀nà, ìmọ̀ràn mi nìyí: ẹ sọ fún un pé Yorùbá ni kó bá yín sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sórí tí wọ́n ń kà fún gbogbo àlejò. Bí wọ́n bá bọ́ sí Yorùbá, ara wọn á balẹ̀, ìtàn á jáde, oríkì á tẹ̀lé e, ẹ ó sì gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ò gbọ́.

Ọ̀nà méjì ló wà láti dókè. Àtẹ̀gùn àti lífíìtì wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006. Ọ̀nà àtijọ́ sì wà, èyí tó gba àárín àpáta méjì tó súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó sanra á ní láti yí ẹ̀gbẹ́. Lífíìtì dára fún àgbàlagbà, aboyún àti ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, lọ́jọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè nísàlẹ̀ kí ẹ tó fi ọkàn lé e. Ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ gba ọ̀nà àtijọ́. Ẹ ò lè mọ ohun tó gba ẹ̀mí àwọn Ẹ̀gbá là bí ẹ bá bá inú dígí gòkè.

Ibi tó yẹ kí ẹ pẹ́ sí jù ni ihò abẹ́ àpáta, níbi tí wọ́n sá sí lákòókò ogun. Òrùlé rẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Wọ́n pín in sí yàrá yàrá. Lórí òkúta ilẹ̀ rẹ̀ ni ẹ ó rí àwọn kòtò róbótó tí wọ́n ti lọ nǹkan jíjẹ. Ẹ fi ọwọ́ kan inú rẹ̀. Ó dán, ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń lọ ata àti àgbàdo nígbà tí ọ̀tá wà níta ló dán an. Ẹ béèrè lọ́wọ́ afinimọ̀nà yín ibi tí èéfín ń gbà jáde, ibi tí omi ti ń wá, ibi tí ọmọdé ń sùn. Ìbéèrè bí irú èyí ló ń yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ tó ti há sórí.

Ojúbọ Olúmọ wà níbẹ̀, ìbọ ṣì ń lọ níbẹ̀. Ẹ má yọ fóònù kí ẹ tó gba àyè. Bí ẹ bá bá àwọn ìyá àgbà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa: ẹ kú ilé o, ìyá, ẹ kú ìtọ́jú òkè. Bí wọ́n bá ṣàdúrà fún yín, ẹ fi nǹkan sílẹ̀ bí agbára yín ṣe mọ. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè lè dúró níwájú díẹ̀ láìsọ ìsọkúsọ. Ilé onílé nibẹ̀.

Bí ẹ bá dé ténté, ẹ má tíì ya fọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ dójú kọ ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ wá odò Ògùn. Odò yìí kan náà ló ń ṣàn wá sí ọ̀sà Èkó, omi rẹ̀ sì wà lára èyí tí wọ́n ń fà sí ẹ̀rọ omi Èkó. Apá ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì, ìjọba àtijọ́ kan ní ibi tó di Benin Republic lónìí, gbà wá ní Oṣù Kẹta 1851, nígbà ayé Ọba Ghezo. Àwọn ará Ìṣàgá, tí Dàhọ̀mì rò pé wọ́n ti tẹrí ba fún òun, ló tàn wọ́n tó fi jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni wọ́n kọlu ìlú, níbi tí odi ti le. Ẹnubodè Àró ni ìjà ti gbóná jù. Obìnrin pọ̀ nínú ọmọ ogun Dàhọ̀mì, ìtàn sì sọ pé ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá rí i pé obìnrin ló ń bá wọn jà ni ojú wọn tó ranko. Dàhọ̀mì pa dà láìgba ìlú. Wọ́n fi Ìṣàgá gbẹ̀san ní 1862, wọ́n pa á run, wọ́n sì tún kọlu Abẹ́òkúta ní 1864 lábẹ́ Ọba Glele. Ìgbà yẹn náà, wọn ò wọlé. Ẹ ní kí afinimọ̀nà yín na ọwọ́ sí apá Àró fún yín, kí ẹ lè fojú wọn bí wọ́n ṣe súnmọ́ tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì Aké, ẹ wá mọ́ṣáláṣí Kọ́bìtì, ẹ wo òrùlé páànù tó ti pọ́n bí ilẹ̀pa, tó lọ salalu. Ẹ béèrè ibi tí Òkè-Ọnà wà, ibi tí Gbágùrá wà, ibi tí Òwu wà. Ọba Ẹ̀gbá mẹ́rin ló wà nínú ìlú kan yìí: Aláké ti Aké, Ọ̀ṣilẹ̀ ti Òkè-Ọnà, Àgùrá ti Gbágùrá àti Olówu ti Òwu. Ẹni tó bá rí i látòkè ló ń yé pé ìlú púpọ̀ tó sá pamọ́ sábẹ́ àpáta kan ni Abẹ́òkúta. Nígbà náà ni kí ẹ wá ya fọ́tò yín. Ẹ má sún mọ́ etí àpáta torí fọ́tò o.

Aké: ẹ fẹsẹ̀ rìn ín

Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Aké, ẹ sọ̀ níwájú kàtídírà Pétérù Mímọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni wọ́n ń pè é. Ilé olókùúta tó wà níbẹ̀ báyìí parí ní 1898. Henry Townsend, míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní 1843, òun àti Samuel Àjàyí Crowther sì wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1846. Ìtàn Crowther nìyí tí mo fẹ́ kí ẹ rò nígbà tí ẹ bá dúró lójúde ibẹ̀. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn, ọmọdékùnrin ni. Ó ti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n tà á fáwọn Potogí, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, ó di ará Freetown, ó di àlùfáà. Ní Oṣù Kẹjọ 1846, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn tó dé Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀, Àfàlà, wá bá a. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọn ò ti fojú kanra wọn. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò lè sọ̀rọ̀, àwọn kàn ń wo ara àwọn ni.

Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ẹ wọlé jẹ́jẹ́, ẹ wá ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀, ẹ tọrọ àyè. Ẹ ka òkúta ìrántí ara ògiri, àkọlé Yorùbá pọ̀ nínú wọn, àkọtọ́ ìgbà yẹn sì yàtọ̀ sí tiwa. Ìlú yìí náà ni Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ní ọjọ́ 3 Oṣù Kejìlá 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ méjìméjì ló ń jáde, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, owó ẹyọ ọgọ́fà ni wọ́n ń tà á. Ó kú ní 1867, lọ́dún tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé. Gbogbo àwa tí a ń kọ Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ibẹ̀ ni baba ńlá iṣẹ́ wa wà, mi ò sì mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ afinimọ̀nà kì í fi í mẹ́nu bà á àyàfi tí ẹ bá béèrè.

Láti ibẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ síwájú ààfin Aláké. Ṣàgbúà Òkúkẹ́nù ni Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta, ní 1854. Ṣáájú rẹ̀, ìlú ò ní Aláké kankan láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ẹ má retí pé wọ́n á ṣílẹ̀kùn ààfin fún yín láìjẹ́ pé ẹ ti kọ̀wé ṣáájú. Ìta gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ìta ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ọjà jókòó sí ní ìparí 1947, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, tọ̀sán tòru, torí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú wọn, ẹni tí ẹ rí orúkọ rẹ̀ ní Papalantó láàárọ̀. Wọ́n fi orin bú ọba, wọn ò lọ. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀. Kò padà sórí oyè títí di 1950. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ wo bí ojúde náà ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ wá fi èèyàn kún un lójú inú.

Gbọ̀ngàn Centenary wà nítòsí, wọ́n fi ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìlú ní 1930. Ẹ wò ó látìta, ó tó.

Kí ẹ jẹun kí oòrùn tó yí

Ẹ̀gbá láfún ni, ẹ má lọ jẹ ìrẹsì àti adìyẹ díndín tó wà ní Èkó. Ẹ wá búkà tí àwọn awakọ̀ ń jẹun sí, ẹ béèrè láfún funfun tó gbóná pẹ̀lú ewédú àti ọbẹ̀ ata. Bí ìrẹsì bá wù yín dandan, kó jẹ́ ọ̀fadà tí wọ́n dì sínú ewé, torí ìpínlẹ̀ Ògùn yìí ni Ọ̀fadà wà. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òkúta Abẹ́òkúta kì í ṣe Olúmọ nìkan.

Ìtòkú: ọjà àdìrẹ

Láfún tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ náà ni wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọ́n á ro ó bí ẹ̀kọ, wọ́n á fi ya iṣẹ́ sára aṣọ, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó rẹ aṣọ náà sínú aró. Ibi tí láfún bá wà, aró ò ní wọ̀ ọ́. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn obìnrin fi máa ń ya tiwọn. Abẹ́òkúta ló gbajúmọ̀ fún páànù tí wọ́n gé iṣẹ́ sí lára, tí wọ́n á tẹ́ sórí aṣọ kí wọ́n tó fa láfún kọjá lórí rẹ̀. Oníko ni èyí tí wọ́n fi okùn ìko so, alábẹ́rẹ sì ni èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Àbẹ́là yíyọ́ àti aró òyìnbó ló pọ̀ jù lọ́jà báyìí. Ẹlú gidi, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró ìbílẹ̀, ti di ohun tí a ń wá.

Wàhálà tó wà ní Ìtòkú ni pé aṣọ tí ilé iṣẹ́ òkèèrè tẹ iṣẹ́ àdìrẹ sí lára wà láàárín ojúlówó, wọ́n sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní àdìrẹ. Ẹ yí aṣọ padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n rẹ sínú aró, àwọ̀ rẹ̀ á kún tinú-tẹ̀yìn, kódà bí iṣẹ́ ara rẹ̀ kò bá hàn tó lẹ́yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá. Lẹ́yìn náà, ẹ wá iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹyẹ tàbí òṣùpá tàbí ohunkóhun, kí ẹ wo bó ṣe jáde níbi mẹ́ta lára aṣọ náà. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe é dọ́gba. Bó bá dọ́gba láìsí àléébù kankan, ẹ dá a padà.

Ẹ wọ inú ìsọ̀ lọ, ẹ má dúró létí títì. Owó etí títì, owó àlejò ni. Ẹ béèrè iye yáàdì tó wà nínú ìdì kí ẹ tó béèrè iye owó, torí kì í ṣe gbogbo ìdì ló pé iye kan náà. Ìdajì iye tí wọ́n bá pè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹ̀rín sí i. Ẹ pe ìyá tó ń tajà ní ìyá, ẹ bá a ṣàwàdà, ẹ ní kó júwe ibi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ fún yín. Àwọn aláró ní Kẹ́ńta àti Ìtòkú kì í sábà lé àlejò tó bá kí wọn dáadáa, ẹ ó sì rí ìkòkò, iná, àti ọwọ́ tó ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ má fi ẹ̀wù yín kan nǹkan kan níbẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ dá fọ àdìrẹ yín lọ́tọ̀ nínú omi tútù, ẹ sá a síbòòji.

Bí àkókò bá ṣẹ́kù

Ó ṣeé ṣe kó má ṣẹ́kù. Bó bá kù, ibojì Ẹfúnróyè Tinúbú ní Òjòkódò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, torí ó kan ará Èkó. Obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Tinubu Square ni. Wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856, ó wá sí Abẹ́òkúta, ó di oníṣòwò ńlá, ó pèsè ohun ìjà nígbà ogun Dàhọ̀mì, àwọn Ẹ̀gbá sì fi í jẹ Ìyálóde. Ó kú ní 1887.

Ẹni tó bá kó ọmọdé lọ lè fi Aké sílẹ̀, kó lọ sí ilé ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní Òkè-Mosàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 2017. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ọgbà ẹranko wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan lè gba gbogbo ọ̀sán, nítorí náà ẹ má fi kún ibi mẹ́ta tí mo kà sílẹ̀. Ẹ fi rọ́pò ọ̀kan.

Àbọ̀

Ẹ kúrò ní Ìtòkú nígbà tó bá ku wákàtí kan àbọ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ ní Abẹ́òkúta kò tó ti Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀nà Laderin gùn, awakọ̀ tó bá sì tún fẹ́ gbé èrò mìíràn lójú ọ̀nà á fi àsìkò ṣòfò. Ẹ pe awakọ̀ tí ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí ẹ bá ṣì ń jẹun, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti dúró létí títì pẹ̀lú ẹrù aṣọ.

Bí ọkọ̀ bá já yín sílẹ̀, ẹ lọ tààrà sí gáréèjì Kútọ̀, ẹ wọ mọ́tò Bájà tàbí Òṣòdì, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ ọ̀nà tó máa gbà kí ẹ tó jókòó. Bó bá ní Sango lòun máa gbà, ẹ dúró de èyí tó tẹ̀lé e.